Ibú Òkun Àwòyè àti Àwọn Ẹ̀dá Inú Rẹ̀

Orúkọ méjì ni èdè Yorùbá ní fún ẹran ńlá tí ó tóbi ju erin lọ, tí ń gbé inú òkun, tí ó sì ń yọrí sókè láti mí. Èkíní ni àbùùbùtán, èkejì ni erinmi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mofọ́lọ́jì yóò rí i pé odidi gbólóhùn ni ó di ọ̀rọ̀-orúkọ nínú ti èkíní: ohun tí a bù tí kò ṣeé bù tán. Ní ti erinmi, erin omi ni, ẹran odò sì ni ní ti gidi, ẹlẹ́nu gbàǹgbà tí ń jẹ koríko létí odò Ọya. Síbẹ̀, òun ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì mú fún àwọn ẹ̀dá ńláńlá inú òkun ní orí kìíní ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Mo fura pé ará òkè ni ó ṣe irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ kò jẹ́ kó odò àti òkun pọ̀ báyẹn.

Àwòyè jẹ́ ìlú apẹja létí Òkun Àtìláńtíìkì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí ó bá ti mọ etíkun Èkó àti Badagry yóò retí iyanrìn níbẹ̀, kò sì ní rí i. Ẹrẹ̀ ni etíkun Màhìn, ẹrẹ̀ kíkúnná tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni ẹja kan wà tí ń fi lẹbẹ́ rìn lórí ilẹ̀, tí ojú rẹ̀ yọ sókè lórí bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, tí ó sì ń gba afẹ́fẹ́ láti ara awọ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí awọ náà bá ṣì tutù. Linnaeus fún un ní orúkọ Látìn ní 1766. Ṣùgbọ́n ẹja tí ń rìn kì í ṣe tuntun lójú ẹni tí a bí sórí ẹrẹ̀.

Ohun tí ó fa ẹrẹ̀ yìí gan-an ni ó so ìtàn Àwòyè mọ́ ibú. Ìgbì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun wa. Ọ̀gbun ńlá méjì, Avon àti Mahin, sì la ilẹ̀ abẹ́ òkun níhà ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa etíkun gbà pé ọ̀gbun wọ̀nyí ni iyanrìn tí ń ti ọ̀nà Èkó bọ̀ ń ṣubú sí, tí kì í fi í dé Àwòyè. Ibú ń gbé odi tí ìbá dáàbò bo ìlú mì.

Kí ni ó wà ní ibú? Ní 1843, ọdún tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, Edward Forbes, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ni pé bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bí mítà 550, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan mọ́. Àwọn Yorùbá kò fìgbà kan rò pé ibú ṣófo: Olókun ní ààfin níbẹ̀, Malókun ni àwọn Ìlàjẹ sì ń pè é. Èmi kò sọ pé àwọn baba wa rí ohun tí ó wà níbẹ̀ o. Ohun tí mo sọ ni pé èrò tiwọn sún mọ́ òtítọ́ ju ti Forbes lọ. Ọkọ̀ Challenger, tí ó rin òkun ayé láti 1872 dé 1876, ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀dá kún ibú.

Ní 1885, àwọn ará Jámánì bá Amapetu ti Màhìn ṣe àdéhùn lórí etíkun yìí. Lọ́dún kan náà ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1898, ọkọ̀ Jámánì mìíràn tún wá sí òkun Guinea, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ni ó ń wá. Valdivia ni orúkọ rẹ̀, Carl Chun sì ni olórí rẹ̀. Ó kọjá ní Kamẹrúùnù, ó lọ títí dé ìhà yìnyín gúúsù ayé, ó sì padà sílé ní 1899. Nínú ohun tí àwọ̀n rẹ̀ kó ni ẹ̀dá kékeré kan wà, aláwọ̀ pupa-dúdú, tí awọ so ọwọ́ rẹ̀ mẹ́jọ pọ̀ bí agbòjò. Ní 1903, Chun sọ ọ́ ní Vampyroteuthis infernalis, bí ẹni wí pé amùjẹ̀ ọ̀run àpáàdì.

Orúkọ yìí kò bá ìwà ẹ̀dá náà mu rárá, ó sì ń dùn mí. Kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní 2012 ni àwọn olùwádìí ní Kalifóníà fi hàn pé èérún òkú ẹ̀dá àti ìgbẹ́ tí ń rọ̀ sílẹ̀ láti òkè òkun ni ó fi ń ṣe oúnjẹ. Ó ń gbé níbi tí ọ́síjìn kò tó, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹja yóò ti kú. Ó sì ń rọra ṣe nítorí kí agbára rẹ̀ má baà tán. Bí ọ̀tá bá dé, kì í tu omi dúdú bí àwọn ìbátan rẹ̀ ti òkè, nítorí kí ni omi dúdú yóò ṣe nínú òkùnkùn? Omi tí ń tàn ni ó ń tu.

Àwọn kan ń rin ìrìn àjò láàárín òkè àti ibú. Ìjàpá òkun aláwọ líle, tí ń jẹ ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ olómi inú òkun, lè sọ̀ kalẹ̀ ju mítà 1,000 lọ, kí ó sì tún wá yé ẹyin sórí iyanrìn. Àbùùbùtán oníké máa ń ti ìhà yìnyín gúúsù wá bímọ sí òkun Guinea ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkọkànlá. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e débẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nítorí òróró ara rẹ̀ tí wọ́n fi ń tan fìtílà.

Òróró mìíràn ni wọ́n ń wá báyìí. Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa epo rọ̀bì ní Bonga, lábẹ́ omi tí ó jìn ju mítà 1,000 lọ. Ní oṣù kejìlá 2011, nǹkan bí àgbá 40,000 ṣòfò sínú òkun níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2020, iná sọ ní kànga kan ní òkun Àwòyè gan-an, ó sì ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ kànga náà ni Ororo-1.

Lórí ilẹ̀, odò tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo ti jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú igbó olómi dídùn lẹ́yìn ìlú, ó sì pa igi. Òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé ìwé, àwọn ará Àwòyè sì ń kó sẹ́yìn. Apẹja tí ó bá ṣí lọ sí ìlú òkè kò ní ohun tí yóò fi orúkọ ẹja kọ́ ọmọ rẹ̀. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè wa, “irú ẹja kan” ni ìtumọ̀ tí a máa ń bá níwájú ọ̀pọ̀ orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ èyí tí ó jẹ́ kò tíì tán ní Àwòyè.