Bug

Bug ni àbùkù tó wà nínú ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àṣìlò ni kí ẹni tó ń lò ó tẹ ohun tí kò yẹ. Bí èèyàn bá tẹ̀lé ìlànà gẹ́lẹ́, tí èsì ṣì wọ́, bug ni.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní 1999, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò Horizon ṣírò owó. Nígbà tí Horizon sọ pé owó dín, àwọn alábòójútó ẹ̀ka ni wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé bug wà nínú Horizon. Ẹ jẹ́ ká máa yẹ ètò wò ká tó dá èèyàn lẹ́bi.