Kí ni nọ́ńbà ipò tó kọjá àìlópin, kí sì ni ìwúlò rẹ̀?

"Mẹ́ta" ń sọ iye nǹkan. "Ẹ̀kẹta" ń sọ ipò tí nǹkan wà lórí ìlà. Ìyàtọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn títí a ó fi dé ibi tí kò lópin.

Ẹ fi ojú inú wo ìlà àwọn oníbàárà ní ọjà Mont-Bouët nílùú Libreville, lórílẹ̀-èdè Gabon. Ká ní ìlà náà kò lópin: ẹni kìíní, ẹnì kejì, ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Bí oníbàárà kan bá dé, tó sì gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, ipò wo ló wà?

Georg Cantor, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, dáhùn irú ìbéèrè yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1883. Ipò náà ni ω, ìyẹn ọ̀mẹ́gà.

Báwo ni ipò náà ṣe ń gòkè?

ω+1 ló tẹ̀lé ω. Lẹ́yìn náà ni ω·2, ω² àti ω^ω. Bí a bá ń gbé ω lé orí ω láìdúró, ipò àkọ́kọ́ tó ga ju gbogbo wọn lọ ni ε₀. Síbẹ̀, a lè fún gbogbo ipò tó ṣáájú ε₀ ní nọ́ńbà 1, 2, 3 tirẹ̀, láìku ọ̀kan.

Kí ni ìwúlò rẹ̀?

Lọ́dún 1931, Kurt Gödel fi hàn pé bí òfin ìṣirò kò bá ta ko ara rẹ̀, kò lè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Lọ́dún 1936, Gerhard Gentzen mú ẹ̀rí náà wá láti ìta: ó gbà pé ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti ipò kan tó wà lábẹ́ ε₀ kò lè sọ̀kalẹ̀ títí láé, yóò dúró dandan.

Àpẹẹrẹ kan wá láti ọwọ́ Reuben Goodstein lọ́dún 1944. Kọ 4 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 2². Sọ gbogbo 2 di 3, kí o yọ 1 kúrò: ó di 26. Sọ 3 di 4, yọ 1: ó di 41. Nọ́ńbà náà ń pọ̀ sí i, àmọ́ yóò padà di òdo, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ tí iye rẹ̀ gùn ju mílíọ̀nù 121 díjíìtì lọ. Lọ́dún 1982, Laurie Kirby àti Jeff Paris fi hàn pé òfin ìṣirò lásán kò lè fi ẹ̀rí èyí múlẹ̀ fún gbogbo nọ́ńbà. Ε₀ ló ń ṣe é.

Lónìí, irú ipò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára òfin ìṣirò: bí òfin bá ṣe lágbára tó ni ipò rẹ̀ ṣe ń ga tó.