Láti Ọ̀dọ̀ Aina Onabolu dé Ajégúnlẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Àwòrán Yíyà

Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage láti 1906, kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Nígbà tó ti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó. Àsìkò yẹn náà ni ìjọba amúnisìn ń kọ́ èbúté Àpápá lọ́wọ́. Ojú ni Onabolu ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́: bí ọ̀nà ṣe ń há bó bá ṣe ń jìnnà, bí egungun ṣe gbé ara ró. Mr. Perspective làwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é.

Kenneth Murray dé ní 1927, Onabolu fúnra rẹ̀ ló sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún òun. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà ti Murray. Ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba rẹ̀. Ben Enwonwu wà lára àwọn tó kọ́; wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Zwemmer Gallery, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1937. Èrò Murray dára létí, àmọ́ ká gbé e dé Ajégúnlẹ̀, nítòsí Àpápá l'Ékòó. Níbẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ àti ọmọ Ijaw lè jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan, kí ọmọ Urhobo àti ọmọ Ígbò wà lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ baba ta ni tíṣà yóò kọ́kọ́ mú?

Ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 kò dá sí àríyànjiyàn yìí. Ó kó àwòrán, orin, ijó àti eré orí ìtàgé pọ̀ sínú Cultural and Creative Arts, láti Primary 1 dé JSS 3. Níbi púpọ̀, ọmọ a há orúkọ àwọn àwọ̀ sórí fún ìdánwò láìpo pupa mọ́ yẹ́lò rí.

Àìsí ohun èlò la máa ń dá lẹ́bi, kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n Àpápá kún fún ohun tí Onabolu ìbá fi kọ́ni. Kọ̀ntéńà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó ga ní 8 àbọ̀. Kí ọmọ na pẹ́ńsù síwájú, kó fi wọn igun tó sún mọ́ ọn, kó tún fi wọn èyí tó wà ní ìpẹ̀kun. Gíga kan náà ni igun méjèèjì. Lójú ọmọ, ọ̀kan ti kéré. Ìlà òkè ń sọ̀, ìlà ìsàlẹ̀ ń gòkè. (Mi ò ní kí wọ́n kó ọmọ sáàárín trélà o; páálí mílíìkì lórí tábìlì ṣe é.)

Àwọn tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ni mo kà sí olùkọ́ tí a kò tíì lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bánà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì, á wọn àlàfo lẹ́tà, á fi ọ̀dà dúdú ṣe òjìji sí ẹ̀gbẹ́ kan kí lẹ́tà lè yọ síta. Kò ní ìwé ẹ̀rí NCE tí yóò fi di tíṣà. Síbẹ̀, bí ọ̀gá ilé-ìwé bá pè é fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, tí tíṣà kíláàsì sì wà níjòókòó, àwọn ọmọ yóò rí bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà.