Oríkèé Ríro ní Ìbàdàn

Oríkèé ríro ni ìrora tó ń mú ènìyàn níbi tí eegun ti pàdé eegun: orúnkún, ìgbáròkó, èjìká, ọrùn ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀ àti ìka. Làkúrègbé tàbí arọmọléegun ni wọ́n sábà máa ń pè é ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó, Bẹyẹrunkà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àrùn tó ń fà á pọ̀, ohun tó sì wo ọ̀kan sàn lè dá kún òmíràn. Ìbàdàn ní ipò pàtàkì nínú ìtàn ìmọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn UCH ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1957 ni àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń kọ ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn sílẹ̀.

Orúnkún àgbàlagbà

Jíjẹ oríkèé, tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis, ló wọ́pọ̀ jù. Ìbòrí tó ń dán lórí eegun máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀, oríkèé á wú, á máa dún, á sì gan bí ènìyàn bá jókòó pẹ́. Ọjọ́ orí, ara tó wúwo, ìfarapa àtijọ́, ohun tí a jogún àti iṣẹ́ tó ń mú ni lóṣòó tàbí kúnlẹ̀ léraléra ló ń fà á, obìnrin ló sì ń bá jà jù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì láti Ìbàdàn yẹ àwọn ará Igbó-Ọrà tó ti pé 40 ọdún sókè wò, nínú ìwádìí tó jáde ní 2009, ìdá 19.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní i ní orúnkún. Ìlú àgbẹ̀ ni Igbó-Ọrà, a kò sì lè gbé iye yẹn ka Ìbàdàn lórí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ bí òkè Mápó ṣe ga tó, tó sì mọ àwọn ìyá tó ń ru ẹrù láti Ọjà'ba gùn ún, tí wọ́n á tún jókòó sórí àpótí kúkurú nídìí ọjà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní fojú kéré é.

Ọ̀dọ́ tó ń tiro

Bí ọ̀dọ́ bá ń tiro, ọ̀nà mìíràn ni kí a gbà wò ó: irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ AS, nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tuntun sì ń jẹ́ SS, ìyẹn fòníkúfọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé á dí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó á wú, ìrora á máa gbé àgbà ṣánlẹ̀, orí eegun itan tó wọ inú ìgbáròkó sì lè kú pátápátá.

Ẹ̀fọn

Ní 1966, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ní Igbó-Ọrà tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè. Ìbátan àrùn o'nyong-nyong tó jà ní Uganda ní 1959 ni. Ní 1969, àjàkálẹ̀ chikungunya bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, àwọn oníwàádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn sì kọ nípa rẹ̀. Ara á gbóná, awọ á sú, oríkèé á máa ro kíkankíkan. Ara gbígbóná lè lọ tán kí oríkèé ṣì máa ro fún oṣù púpọ̀. Nítorí pé ó jọ ibà, oògùn ibà lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á máa lò sí i.



Àrùn tí UCH kò rí púpọ̀

Nínú rheumatoid arthritis, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń bá oríkèé jà. Ọwọ́ méjèèjì á wú lẹ́ẹ̀kan náà, ìka á sì wọ́. Ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Ní UCH láàárín àwọn ọdún 1960, Brian Greenwood, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lára àwọn aláìsàn ibẹ̀, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1968. Àbá rẹ̀ ni pé ibà tó ń ṣe ọmọ léraléra láti kékeré lè máa dín agbára tí àwọn ọmọ ogun yìí fi ń bá ara jà kù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìran wọn dán an wò: èyí tí wọ́n kó kòkòrò ibà ràn, àrùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ jà á. Ní 1993, A. J. Silman, A. O. Adebajo, M. C. Asuzu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò rí ẹyọ aláìsàn kan láàárín àwọn ará ìgbèríko tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà.

Ohun tó fà á kò tíì yanjú. Ó lè jẹ́ ibà. Ó lè jẹ́ ìran, nítorí pé àmì àbínibí HLA-DR4 tó ń bá àrùn náà rìn ní Yúróòpù kò wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó ní i kò dé ilé ìwòsàn rárá. Nígbà tí Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa 200 aláìsàn tó ní i ní Èkó ní 2010, ó hàn pé a kò lè sọ pé àrùn náà kò sí láàárín wa. Pé ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà ni ẹ̀rí gbè lẹ́yìn.

Ìtọ́jú

Fún orúnkún tó ń jẹ, ìdárayá ló ṣáájú oògùn: kí iṣan iwájú itan lágbára, kí ènìyàn máa rìn, kí ara tó wúwo sì fúyẹ́. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn títí oríkèé á fi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Diclofenac àti ibuprofen ń pa ìrora, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè dá egbò sí inú, ba kíndìnrín jẹ́, kí wọ́n sì gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ìpara diclofenac kò léwu tó oníhóró. Hydroxyurea ń dín ìrora àwọn SS kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ orúnkún tàbí ìgbáròkó, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n.

Nídìí igbá àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti lẹ́kúlẹ́já ní Ọjà'ba, àgbo, gbẹ́rẹ́, òrí àti àdín ni ìtọ́jú. Fífi òrí ra oríkèé kò léwu, ó sì ń tu ni lára. Orógbó tilẹ̀ ti wọ ilé ìwòsàn: ní Ilé-Ifẹ̀, Adegbehingbe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wé oògùn ìrora naproxen àti celecoxib lára àwọn tí orúnkún ń jẹ, wọ́n sì kọ ní 2008 pé ó dín ìrora kù. Ìwádìí kékeré ni, kò sì pẹ́. Abẹ gbẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò lè ran ni ní àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV. Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù jù ni àdàlù tí wọ́n po oògùn dexamethasone mọ́: ìrora á lọ wàrà, ojú á wú, ṣúgà á gòkè, eegun á sì máa kú.

Oríkèé kan tó wú lójijì, tó gbóná, tí ara ẹni náà sì ń gbóná, kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo dúró dè. Kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀, ó sì lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá lára ọmọdé àti ẹni tó ń jẹ́ SS. Ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá súnmọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an.