Ẹ̀yìn Ọwọ́ Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ara ọmọ kan bá gbóná nínú agbo ilé wa, ìyá bàbá mi kì í fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó ní àtẹ́lẹwọ́ tí ó ti ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná láti ìgbà ọmọge ti yigbì, kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí lílọ́ wọ́ọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni í gbé lé ọmọ náà lọ́rùn, yóò gbé e lé ọrùn ara rẹ̀, yóò sì tún padà sí ti ọmọ, bí ẹni tí kò gba òṣùwọ̀n alágàrí gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú un jáde sójú oòrùn, tí yóò wo ẹyinjú rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀, tí yóò sì ní kí ó tọ̀ sínú abọ́ tánganran funfun kí òun lè rí àwọ̀ ìtọ̀ náà. Ìbéèrè ni yóò wá kàn. Ṣé ẹnu rẹ korò? Ṣé òtútù ni ó kọ́kọ́ mú ọ, àbí ooru? Èyí tí í fi kádìí rẹ̀ ni ó máa ń bí mi nínú, nítorí ó máa ń tú àṣírí ìrìnkèrindò mi: “Níbo lo dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí?”

Àwọn baba wa kò ka ibà sí àrùn kan ṣoṣo. Ibà lásán wà, tí ara ríro àti orí fífọ́ ń bá rìn. Ibà pọ́njú wà, tí í mú ẹyinjú pọ́n rúsúrúsú. Akọ ibà sì wà, tí í mú àgbàlagbà ọkùnrin rànrán mọ́jú. Ẹni tí yóò lọ wa egbò òruwọ tàbí kí ó lọ bó epo awọ́pa ní láti kọ́kọ́ mọ èyí tí ó ń bá jà. (Dóńgóyárò tí ọ̀pọ̀ ń búra pé ogún ìran wa ni, àlejò ni láàárín ewé agbo: Íńdíà ni igi náà ti wá, Haúsá ni ó sì ni orúkọ tí a ń pè é.) Èyí tí wọ́n bẹ̀rù jù ni ìgbóná, Ṣọ̀pọ̀ná, Olóde, ọba tí a kì í dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nítorí bí ibà lásán ni òun náà ṣe í wọlé, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ara tó sú. Nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò sí àgbà tí í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sápárà, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka ọ̀ràn yìí sí débi pé ó wọ ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná lọ, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí bí àrùn náà ṣe ń ràn.

Kí Òyìnbó má rò pé òun mọ̀ jù wá lọ nígbà náà. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Odò Ọya, Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, sì wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn Òyìnbó tí ibà pa ti lé ní 40, àwọn dókítà inú ọkọ̀ sì ń dá òórùn ẹrẹ̀ lẹ́bi. Orúkọ tí wọ́n ń pe àrùn náà, láti inú èdè Ítálì, kò ju “afẹ́fẹ́ burúkú” lọ. Ní 1854, Crowther tún bá Dókítà Baikie gba odò kan náà lọ nínú ọkọ̀ Pleiad. Baikie ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuiníìnì kí ibà tó dé rárá, kò sì sí ọ̀kan tí ibà pa nínú wọn. Kí ni kuiníìnì? Epo igi ni òun náà, láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ó sì korò bí awọ́pa.

Témómítà dé lẹ́yìn èyí. Wunderlich ará Jámánì wọn ara ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn kí ó tó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1868, Allbutt sì gé ohun èlò tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí í gba 20 ìṣẹ́jú, kúrú sí íńṣì 6 àti ìṣẹ́jú 5. Ní 1880, Laveran rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan ní Àlùjíríà. Ní 1897, Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Kò pẹ́ tí MacGregor, gómìnà tí ó jẹ́ dókítà, fi ń gbẹ́ ojú àgbàrá sí àbàtà Èkó, tí ó sì ń pín kuiníìnì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìmọ̀ yìí gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó sọ wá di ọ̀lẹ díẹ̀. Láti ìgbà tí a ti mọ ẹ̀fọn lólè, òun ni a ń mú fún gbogbo ohun tí ó bá sọnù. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ wa níbí, a lè rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àrùn mìíràn pátápátá dá dùbúlẹ̀. Ní 20 Oṣù Keje 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú ara gbígbóná, ibà ni wọ́n sì kọ́kọ́ tọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh dé ibùsùn rẹ̀, ó sì tún ìbéèrè gbogbo bi í: níbo lo ti ń bọ̀, ta lo sún mọ́? Ọkùnrin náà ní òun kò bá ẹni tí Ẹ́bólà ń ṣe pàdé. Dókítà kò gbà; ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bí àwọn alágbára sì ti ń fúngun mọ́ ọn tó pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, kò jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ kan ìta. Ẹ́bólà ni. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn, ní 19 Oṣù Kẹjọ. Àrọ́mọdọ́mọ Ajayi Crowther ni.