Ilẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ti Ẹnikẹ́ni

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Maitama tí gbogbo wa máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn olówó Àbújá, ṣé ẹ mọ̀ pé abúlé àwọn Gbagyi ni kí títì ọ̀dà tó dé ibẹ̀? Wuse náà bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni orúkọ wọ̀nyẹn ti kó kúrò, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún àwa tí a dé lẹ́yìn. Bí ẹ bá dé Kubwa, ẹ ó bá àwọn ọmọ Maitama níbẹ̀. Àwọn ará Wuse mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Niger, ní ibi tí wọ́n ń pè ní New Wuse.

Kí ló gbé èyí wá sí mi lọ́kàn? Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ wa ni. Ẹ mọ̀ pé a fẹ́ fẹ ibi ìgbọ́kọ̀sí wa. Àwọn ìyá tó ń ta iṣu àti àgbàdo sísun sì ń jókòó sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Èmi pásítọ̀ yín ni mo la ẹnu, tí mo ní, "Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó kúrò." Ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ wá bi mí pé, "Dádì, ta lẹ bi léèrè?" Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rí èsì fọ̀. Mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn, torí mo rántí pé ìlú tí a ń gbé gan-an, irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1975. Nígbà náà, Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà, òun náà sì ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹrù méjì wà lórí ìlú kan. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lágara, omi ká ìlú mọ́, kò sì sí ilẹ̀ tí wọ́n lè fẹ̀ sí mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ẹ̀yà mìíràn gbà pé ilé Yorùbá ni àwọn ti ń bá ìjọba ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ kan láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Alága wọn ni Adájọ́ Akínọlá Aguda, ọmọ Àkúrẹ́, ẹni tó ti ṣe adájọ́ àgbà ní orílẹ̀-èdè Botswana. Táí Ṣólàárìn, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ṣólàárìn kò gba Ọlọ́run gbọ́. Pedro Martins, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó ń bá àwọn ọmọ ogun ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Òkè Ọya àti ìlà-oòrùn náà wà nínú wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n kọ́kọ́ ń du pé ìlú tèmi ni kó jẹ́. Wọ́n béèrè ohun tí olú-ìlú jẹ́, àti ire tó yẹ kó ṣe fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n wá to òṣùwọ̀n kalẹ̀: kó wà láàárín gbùngbùn, kí ojú-ọjọ́ ibẹ̀ dára, kí omi wà, kí ilẹ̀ pọ̀, kí ọ̀nà dé ibẹ̀, kí ààbò wà, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì lè wo ibẹ̀ bí ilé. Ìgbà tí òṣùwọ̀n wà nílẹ̀ tán ni wọ́n fi wọn ibì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ ìmòye nìyẹn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní fìlọ́sọ́fì. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní sẹ́mínárì, mo rò pé àríyànjiyàn àwọn tí kò níṣẹ́ ni. Àṣé bí a bá ti ń béèrè pé "Kí ni nǹkan yìí? Kí ló wà fún? Kí ló tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan?", a ti ń ṣe é nìyẹn, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ọjà tàbí ọ̀rọ̀ ìlú.

Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1975. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba gbé òfin kẹfà ọdún náà jáde, wọ́n gé ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóròó láti ara ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Murtala, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Orúkọ ìlú Àbújá àtijọ́ ni wọ́n fi sọ olú-ìlú tuntun, Àbújá àtijọ́ sì di Suleja tí a mọ̀ lónìí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991, ìjọba kó wá síbí pátápátá.

Ìrònú náà dára, mi ò ní parọ́. Àwa Yorùbá tí a wà níhìn-ín ń jẹ nínú èso rẹ̀. Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìgbìmọ̀ fẹ́ ibi tí èrò kò pọ̀ sí, tí ẹ̀yà ńlá kankan kò lè sọ pé tòun ni. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, èyí di "ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Gbagyi wà níbẹ̀, Koro wà níbẹ̀, Gade, Bassa àti Gwandara náà wà níbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin òkú wọn. Ìjọba kọ́kọ́ pinnu pé kí gbogbo wọn kó jáde kúrò nínú agbègbè náà. Nígbà tí wọ́n wá ka èrò, wọ́n rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, owó tí yóò ná ìjọba sì pọ̀. Ní 1978, wọ́n yí ìpinnu padà pé kí àwọn tí wọn kò tíì nílò ilẹ̀ wọn dúró. Ìdí nìyẹn tí abúlé Garki fi wà láàárín ìlú títí dòní. Síbẹ̀, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 297, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ agbègbè yìí.

Ibí ni kí ẹ ti bá mi ronú. "Ilẹ̀ gbogbo wa" àti "ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni" kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí a bá ní ti gbogbo wa ni, ẹni tí a bá níbẹ̀ wà lára gbogbo wa. Bí a bá ní kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, a ti sọ ẹni náà di aláìsí kí a tó kí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí padà, ilé ẹlòmíràn ló sì wó. Ẹ rántí Áhábù àti Nábótì, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 21. Áhábù kò kọ́kọ́ fipá gbà á. Ó ní òun yóò fún un ní ọgbà tó dára jù ú lọ, tàbí owó. Ohun tí kò yé e ni pé ogún baba kì í ṣe ọjà lójú Nábótì.

Mo ti lọ bá àwọn ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Gbagyi ni ọ̀kan nínú wọn. Èjìká ló fi ń ru iṣu rẹ̀ wá láràárọ̀, bí ìṣe wọn, torí wọn kì í gbé ẹrù lé orí. Mo bi í pé ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oko bàbá òun ni ibi tí a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Èmi ni ojú tì.

Ní ìpàdé gbogbo ìjọ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí yìí yóò wá síwájú yín. N kò sọ pé kí a má fẹ̀ ẹ́, torí ọkọ̀ wa ń dí ojú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò sì ń ráhùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí a ṣe bí ìgbìmọ̀ Aguda ti ṣe, kí a to òṣùwọ̀n kalẹ̀ kí a tó yàn, ṣùgbọ́n kí a fi ìbéèrè tí ìyá yẹn bi mí kún un: ta la bi léèrè? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Bóyá a lè sún ògiri wọlé díẹ̀, kí a sì kọ́ àtíbàbà sí ìta fún wọn. Ẹ lè ní àbá tó dára ju èyí lọ, ẹ mú un wá.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n tó ń rí ènìyàn. Àmín.