Oníṣòwò Òkúta Ibojì Tó Kọ́ Ilé Ìgbẹ̀bí

Lónìí, Ìgbóbì là ń lọ, létí títì Ìkòròdú, lápá Yábàá.

Ọdún 1945 ni ilé ìwòsàn egungun tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fún àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Lóde òní, ọlọ́kadà, awakọ̀ àti ẹni tí mọ́tò gbá ni wọ́n ń gbé wá. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ kò lè máa retí ìgbà tí ìjọba máa rówó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì fi ṣe kókó níbẹ̀. Owó Mọ́bọ́lájí Bank-Anthony wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Kóńgò ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1907. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kó tó yà sídìí òwò. Ó ta epo pupa, ọjà já a kulẹ̀. Ó ta aago, ó ta kálàmù, ó sì ń kó mábù wá láti Ítálì fún òkúta ibojì.

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó ń ra mábù kí orúkọ wọn má bàa parẹ́. Ọkùnrin tó ń tà á fún wọn wá kọ́ Àyìnkẹ́ House n'Íkẹjà, ilé ìgbẹ̀bí, ó fi ta ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́rẹ.

Ẹ má rò pé ó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ o. Gbajúmọ̀ ni, ó mọ aṣọ wọ̀, ó fẹ́ràn fàájì. Ọbabìnrin Elizabeth fi í joyè Sir. Èmi rò pé ó ka ọrẹ títa mọ́ ara ìgbádùn ayé rẹ̀ ni.

Ẹ rìn yí ká Súrùlérè àti Múṣin, ẹ wo ara ògiri: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ́lé ti kú, ogún ti dìjà láàárín àwọn ọmọ. Bank-Anthony kú ní 1991. Nǹkan tó ti fi tọrẹ, kò sẹ́ni tó lè jà lé e lórí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ò tán. Ẹni tó fúnni nígbà tó wà láàyè fojú ara rẹ̀ rí ayọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó tọ́jú ẹ̀ fún ìgbà tó bá kú kò lè rí i.